Igbá Pákò Ilé Ọkọ Mi

Hámà ló kọ́kọ́ kí mi kí Láníyì tó kí mi. Orí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì Ìpele ló ti já bọ́, ó bọ́ sínú ìkòkò omi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ìkòkò là sí méjì, omi sì ta sí mi lára dé ojú.

"Ẹ dákun, ìyá, ẹ má bínú, ọwọ́ mi ló yọ̀!" ẹnì kan kígbe láti òkè.

Ìyá! Mo gbójú sókè. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló jókòó sórí igi òrùlé bíi pé àga ni, ó ki pẹ́ńsù bọ ẹ̀yìn etí. Aṣọ dúdú tó wà lára mi àti orí mi tí wọ́n fá ló rí tó fi pè mí ní ìyá. N kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún.

"Ìyá ta ni?" ni mo dá a lóhùn. "Ṣé ìyá tìrẹ lo rò pé o fẹ́ pa ni?"

Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ó ń bẹ̀ mí, ó sì na ọwọ́ sí hámà rẹ̀. Mo yára gbé e, mo wé e mọ́ inú ìró mi.

"Ọjọ́ tí o bá ra ìkòkò mìíràn ni wàá rí i gbà."

Ó wò mí, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi gan-an. Ìgbà tí mo ń lọ sílé ni mo tó rántí pé láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú, kò sẹ́ni tó tíì rẹ́rìn-ín níwájú mi. Wọ́n ní ẹ̀rín kò yẹ opó.

Kí n yáa sọ ọ́ fún yín: inú ń bí mi. Ó ti ń bí mi láti ọdún 1956, ọdún tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá sí Nàìjíríà, n kò sì ní purọ́ pé ó ti tán nítorí pé wọ́n ń pè mí ní ìyá ìjọ lónìí. Èdè ìwé ni mo fi ń ròyìn fún yín. Èdè Ìpele ni wọ́n fi bú mi, díẹ̀ lára rẹ̀ á sì máa yọjú.

Ọmọ Ìjàgbà ni mí. Bàbá mi ló fi mí fún Akínwọlé ní Ìpele, kò bi mí bóyá mo fẹ́ ẹ. Akínwọlé kì í ṣe èèyàn burúkú. Ejò ló bù ú jẹ nínú oko kòkó, kí wọ́n tó gbé e délé ó ti dákẹ́. Ó fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀ fún mi, Fúnmiọlá, ọmọ ọdún márùn-ún, olójú títóbi bíi ti bàbá rẹ̀.

Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yẹn, kò sẹ́ni tó pe orúkọ mi. Ùyàwó ni mí kí n tó bímọ. Ìyá Fúnmiọlá ni mí lẹ́yìn náà. Nígbà tí ọkọ kú, mo di Opó. "Opó, o ti pọnmi?" "Opó, ta ló ní kí o kọrin?" Ìyá ọkọ mi, Ìyá Akínwọlé, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa pè mí bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ bí ẹni ń lé adìyẹ.

Omi ló gbé mi dé ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ń rẹ́ ògiri rẹ̀ lọ́wọ́, obìnrin gbogbo ní àdúgbò sì gbọ́dọ̀ pọn omi amọ̀. Katikíìsì Sylvanus, bàbá arúgbó tó ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣèrìbọmi, rí i pé mo máa ń dúró sẹ́yìn fèrèsé tí kíláàsì bá ń lọ. Ó ní kí n wọlé. Ìbéèrè tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ kíláàsì yẹn ló kọ́kọ́ bi mí.

"Kí ni orúkọ rẹ?"

Mo la ẹnu, "Ìyàwó Akínwọlé."

"N kò bi ọ́ léèrè ilé tí o ń gbé. Orúkọ rẹ ni mo ní kí o sọ."

"Monísọ́lá." Ohùn mi ya èmi gan-an lẹ́nu. Omijé bọ́ lójú mi, kì í ṣe ti ìbànújẹ́. Ìbínú ni. Ọdún mẹ́fà! Ọdún mẹ́fà ni orúkọ mi fi wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀rẹ̀ gbé e.

Bàbá Sylvanus ní, "Olúwa mọ̀ ọ́ ní orúkọ yẹn. Òun ló ti fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ san gbèsè orí rẹ. Ẹni tí Òun bá ti tú sílẹ̀, kò sí èèyàn tó láṣẹ láti tún un so."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì bí ẹni tí ebi ti pa kú. Ẹ̀yìn mi gan-an ni káfíńtà tó ju hámà jókòó sí. Nígbà tí a jáde, ó gbé ìkòkò tuntun kan síwájú mi.

"Ìkòkò yín rèé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní hámà mi, Monísọ́lá."

Òun ni ẹni kejì tó pe orúkọ mi lọ́dún náà. Láníyì lorúkọ tirẹ̀, ọmọ Ọ̀kà ní Àkókó, iṣẹ́ òrùlé ló gbé e wá sí Ìpele. Mo dá hámà rẹ̀ padà. N kò mọ̀ pé mo ti fi nǹkan mìíràn lé e.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́nà odò, lẹ́yìn kíláàsì, á máa bá mi sọ̀rọ̀, èmi á máa bá a jà. Ó ní ìjà mi dùn. Ọjọ́ kan ó pè mí ní "adúmáadán mi."

"Má fún mi lórúkọ," ni mo wí. "Mo ti ní ọ̀kan. Òun ni kí o máa pè."

"Monísọ́lá mi, ńkọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn rẹ̀, kí n má fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé tí mo bá gbọ́ tí hámà ń dún lórí òrùlé láàárọ̀, ọkàn mi á balẹ̀ títí di ọ̀sán.

Àfi ọjọ́ tí Ìyá Akínwọlé pè mí jókòó.

"Opó, aṣọ dúdú ń bọ́ lára rẹ. A ó gbé ugbá kalẹ̀ fún ọ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Èyí tí a so òwú funfun mọ́ ni kí o mú."

Ẹni tí kò bá mọ àṣà náà, ẹ gbọ́. Tí opó bá fẹ́ bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, àwọn ọkùnrin ìdílé ọkọ rẹ̀ á kó pákò ìrunnu wọn jọ sínú igbá. Wọ́n á ní kí ó mú ọ̀kan. Ẹni tó bá ni pákò tó mú, òun ló ṣú u lópó nìyẹn, òun ló jogún rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀. Wọ́n á ní opó fúnra rẹ̀ ló yàn án. Ẹ wo irọ́! Wọ́n ti máa ń sọ fún opó èyí tó máa mú. Ti Ọbayẹmí, àbúrò ọkọ mi, ni wọ́n so òwú funfun mọ́. Ìyàwó méjì ti wà nílé Ọbayẹmí, ojú rẹ̀ sì wà lára oko kòkó Akínwọlé ju bó ṣe wà lára mi lọ. Òun yìí kan náà ló ní Fúnmiọlá kò ní lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀, pé ta ni yóò máa gbé ọmọ fún àwọn ìyàwó òun.

"Tí n kò bá mú ńkọ́, Ìyá?"

Ó wò mí bí ẹni ń wo wèrè. "Wàá jáde nínú ulé yìí bí o ṣe wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í bá ìyá jáde. Ọmọ ulé yìí ni Fúnmiọlá."

Mo sáré tọ Bàbá Sylvanus lọ. Ó fi ọwọ́ ra orí rẹ̀ títí.

"Ọ̀rọ̀ ìdílé ni, ọmọ mi. Àmọ́ o mọ̀ pé tí o bá di ìyàwó kẹta fún ọkùnrin, ìjọ kò ní lè ṣèrìbọmi fún ọ. Máa gbàdúrà."

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kò sẹ́ni tó láṣẹ láti tún mi so. Ṣé inú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jẹ́ òtítọ́ ni?"

Ó ṣí Bíbélì rẹ̀, ó tún pa á dé. Mo kí i pé ó dàárọ̀, mo jáde. Mo bínú sí i ju bí mo ṣe bínú sí Ọbayẹmí lọ, nítorí Ọbayẹmí kò kọ́ mi ní nǹkan kan rí.

Mo sọ fún Láníyì lọ́nà odò. Mo rò pé yóò gbaná jẹ. Ńṣe ló rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Má foyà. Mo ti gbọ́, mo sì ti ṣètò rẹ̀. Mo ti gbẹ́ pákò kan, mo fi ẹ̀rọ ìfági fá a títí ó fi ń dán. Àbẹ̀ẹ́bí ni yóò bá mi yọ́ ọ sínú igbá." Àbúrò ọkọ mi obìnrin ni Àbẹ̀ẹ́bí, òun nìkan ló ń fojú àánú wò mí nínú ilé náà. "Ìwọ ṣáà ti mú èyí tó ń dán. Òfin wọn ni: ohun tí opó bá mú, ó ti mú un. Òfin wọn náà ni a ó fi mú wọn!"

Mo sọ ìkòkò kalẹ̀.

"Láníyì, ìgbà tí o fẹ́ fẹ́ mi, inú igbá wọn lo gbà?"

"Ọgbọ́n ni mo dá, olólùfẹ́ mi."

"Ṣé o bi mí? Ṣé o tilẹ̀ ti fi ẹnu rẹ bi mí rí pé, Monísọ́lá, ṣé wàá fẹ́ mi? Bàbá mi kò bi mí. Akínwọlé kò bi mí. Ọbayẹmí kò bi mí. Ìwọ tó ń pe orúkọ mi, ìwọ náà kò bi mí!"

"Ìfẹ́ ni mo fi ṣe é."

"Lọ gba pákò rẹ lọ́wọ́ Àbẹ̀ẹ́bí."

Kò lọ. Ó rò pé ìbínú mi á rọlẹ̀. Àwọn ọkùnrin a máa rò bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ ọjà yẹn, wọ́n tún orí mi fá, wọ́n wẹ̀ mí, wọ́n fi aṣọ funfun wé mi, wọ́n gbé mi jókòó sórí ẹní láàárín agbo ilé. Àwọn àgbà jókòó yí mi ká. Ìyá Akínwọlé gbé igbá wá, ó ṣí i. Fúnmiọlá jókòó sẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń wò mí.

Ẹ má jẹ́ kí n sọ pé ó rọrùn. Èyí tó ní òwú funfun wà lókè pátápátá, wọ́n ti fi í sọ́dọ̀ ọwọ́ mi. Tí mo bá mú un, mo ti rí ọmọ mi mú. Èyí tó ń dán wà lábẹ́ rẹ̀, mo rí i kedere, ó gún régé bí ohun tí ọwọ́ Láníyì bá kàn. Ìfẹ́ rẹ̀ dùn mí dé egungun. Tí mo bá mú un, mo ti rí ẹni tí mo fẹ́. Gbogbo ohun tí ọkàn mi ń fẹ́ láyé wà nínú igbá kan ṣoṣo, kò sì sí èyí tí ọwọ́ mi fi síbẹ̀.

Mo gbàdúrà ráńpẹ́. N kò bẹ Olúwa pé kí ó gbà mí. Mo ní, Olúwa, Ìwọ lo bi mí léèrè orúkọ mi, wá dúró tì mí kí n dáhùn.

Mo tú eteetí aṣọ mi. Pákò tèmi wà níbẹ̀, èyí tí mo fi runnu láàárọ̀ ọjọ́ náà, orí rẹ̀ ṣì tutù. Mo fi í sínú igbá níṣojú gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà mo na ọwọ́, mo sì mú un jáde padà.

"Èyí ni mo mú," ni mo wí. "Tèmi ni. Monísọ́lá ni orúkọ mi. Olúwa ló ni mí, Ó sì ti fi mí lé ara mi lọ́wọ́."

Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọbayẹmí fò dìde, ó ta igbá nípàá, pákò fọ́n ká ilẹ̀. Ìgbà yẹn ló rí èyí tó ń dán.

"Ta ló ni èyí? Ta ló ni èyí nínú ulé wa?"

Àbẹ̀ẹ́bí fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri. Láníyì, tó ti ń dúró lẹ́yìn ọgbà, wọlé wá.

"Tèmi ni. Ẹ má fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀."

"Àlejò! Ará Àkókó! Ó fẹ́ ṣú opó ulé wa lójú wa!" Wọ́n ya aṣọ mọ́ ọn lára, wọ́n lù ú, kò sì gbé ọwọ́ sókè. Ọbayẹmí ṣẹ́ pákò náà sí wẹ́wẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi í sílẹ̀, síbẹ̀ inú tó ń bí mi sí i kò tán.

Ìyá Akínwọlé gbá Fúnmiọlá mú. Ọmọ ń ké, "Yèyé! Yèyé!" Mo sáré sí i, wọ́n tì mí ṣubú. Bí mo ṣe kúrò nílé yẹn nìyẹn, pẹ̀lú aṣọ funfun, orí fífá, àti pákò kan lọ́wọ́. Igbe ọmọ mi tẹ̀ lé mi dé títì Ọ̀wọ̀. Ẹ má bi mí bóyá mo ti dárí jì wọ́n fún igbe yẹn. Mò ń gbìyànjú rẹ̀ lójoojúmọ́.

Bàbá mi ní Ìjàgbà ní kí n má wọlé òun, pé mo ti dójú ti òun. Ọ̀wọ̀ ni mo dúró sí, lọ́dọ̀ obìnrin ìjọ kan tó ń hun aṣọ. Ìyá mi ti kọ́ mi ní aṣọ híhun kó tó kú, nítorí náà mo jókòó ti òfì, mo ń hun, mo ń sunkún, mo ń hun. Mo parí kíláàsì mi níbẹ̀. Lọ́jọ́ ìrìbọmi, wọ́n ní Margaret ló máa bá mi mu. Mo ní rárá. Monísọ́lá ni Olúwa bá nílẹ̀ nígbà tó ń wá mi. Àlùfáà fi orúkọ yẹn da omi lé mi lórí.

Láníyì máa ń wá. Kẹ̀kẹ́ ló máa ń gùn wá láti Ìpele, á jókòó níta, n kì í dá a lóhùn. Ọjọ́ kan ó sọ̀rọ̀ láìwo ojú mi.

"Mo rò pé mo ń gbà ọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Àṣé mo kàn tò sẹ́yìn wọn ni. Monísọ́lá, dárí jì mí."

Òfì dúró lọ́wọ́ mi.

"N kò mú nǹkan kan wá lónìí," ni ó wí. "Mo wá béèrè ni. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Èmi tí mo ti ń dúró de ìbéèrè yẹn láti ọjọ́ tí a ti bí mi, ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, "N kò lè dá ọ lóhùn báyìí. Ìdajì mi wà ní Ìpele. Ìgbà tí ọmọ mi bá dé ọwọ́ mi, padà wá bi mí."

Kò jiyàn. Ó ní, "Màá padà wá." Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ìbínú mi sí i tán.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ ìró ọ̀pá lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Akínwọlé ni. Ó fa Fúnmiọlá lọ́wọ́. Ọmọ mi ti rù, àpá èékánná ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Ọbayẹmí wà létí rẹ̀. Mo gbé e mọ́ra.

Ìyá kò jókòó. "Má dúpẹ́ o. N kò wá láti bá ọ ṣe ọ̀rẹ́. Inú rẹ ń bí mi."

"Kí ni mo ṣe, Ìyá?"

"Wọ́n gbé ugbá síwájú èmi náà nígbà tí bàbá Akínwọlé kú. Mo mọ ẹni tí mo fẹ́ láyé mi. Ẹlòmíràn ni wọ́n ní kí n mú, mo sì mú un, mo sì bí Ọbayẹmí fún un." Ó fi ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀. "Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń sọ fún ara mi pé kò sí ohun mìíràn tí obìnrin lè ṣe. Ìwọ wá, ọmọ àná, o kàn na ọwọ́, o mú tìrẹ. Ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀! Kí ló dé tí o jẹ́ kí n rí i?"

Ó fa apá ọ̀tún Fúnmiọlá, ó gbé e gba orí ọmọ náà kọjá, bí wọ́n ṣe ń wọn ọmọ fún ilé ẹ̀kọ́. Ìka kan etí òsì dáadáa.

"Ọwọ́ rẹ̀ ti kan etí," ni ó wí. "Mú un lọ síléèwé."

"Ọbayẹmí ńkọ́?"

"Èmi ni mo bí i. Ta ni yóò bi mí?" Ó yí padà. Ó ti dé ojú ọ̀nà kó tó tún wẹ̀yìn. "Monísọ́lá, ó dìgbà."

Láníyì padà wá. Ó tún bi mí. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Àwọn ará Ọ̀kà ráhùn pé opó ni mí. Bàbá mi ráhùn pé ará Àkókó ni. A kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ṣọ́ọ̀ṣì Ìpele, tí Láníyì kan òrùlé rẹ̀, tí mo pọn omi ògiri rẹ̀, ni a ti ṣe ìgbéyàwó. Aṣọ tí mo hun fúnra mi ni mo wọ̀. Fúnmiọlá wọ aṣọ iléèwé, ó ní òun kò ní bọ́ ọ fún ìyàwó ẹnikẹ́ni.

Ó dé ibi tí àlùfáà ti ń béèrè pé ta ló fa obìnrin yìí fún ọkùnrin yìí.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Bàbá mi kò wá. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Bàbá Sylvanus dìde díẹ̀díẹ̀ lórí àga rẹ̀, ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Mo wò ó. Ó jókòó padà.

Àlùfáà tún béèrè. Inú bí mi sí ìbéèrè náà, n kò purọ́, pé inú ilé Olúwa náà ni wọ́n ti ń béèrè ẹni tó ni mí. Mo wo ẹ̀yìn. Ìyá Akínwọlé dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn, kò wọlé, kò sì lọ.

"Èmi ni," mo wí, ohùn mi sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Èmi Monísọ́lá ni mo fa ara mi fún un."

Àlùfáà wojú ìwé rẹ̀, ó wojú mi. Lẹ́yìn náà ó ní kí Láníyì di ọwọ́ mi mú. Láníyì kò dì í mú. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi, ó sì dúró títí mo fi gbé ọwọ́ mi lé e.